Ta Ló Ni Ẹyẹ Òkun Yìí?

Fóònù Dókítà Ọlágúnjú ké pìì! Ó wo ojú ẹ̀, ó figbe ta.

"Tèmídayọ̀! Ẹyẹ mi ti wọ ìlú Oǹdó!"

Èmi ni Tèmídayọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ní Àkúrẹ́. Ẹyẹ òkun ló ń wí. Ọdọọdún ni ẹyẹ yìí ń fò láti ilẹ̀ òyìnbó, á gba Mòrókò, á gba Sẹ̀nẹ̀gà, kó tó wá lo ìgbà ọyẹ́ létí òkun Ìlàjẹ. Dókítà ti so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, ó sì ti ń ṣọ́ ọ lórí fóònù láti ọdún mẹ́rin. Bí ẹyẹ yẹn bá kú pẹ́nrẹ́n, ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tí Dókítà ń retí ti wọgbó nìyẹn.

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e ṣìnà. Ó yá, gbé mọ́tò!"

Fììììì! A dé Oǹdó.

Lórí fóònù, ẹyẹ ò fò o. Títì ló ń gbà! Ó wọ ilé kan, ó jáde. Ó wọ ilé kejì, ó jáde. Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lo ogún ìṣẹ́jú.

"Dókítà, àbí ó ń gbọ́ ìwàásù ni?"

"Pa ẹnu ẹ dé!"

Ibi gbogbo tí a dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Màmá Fọláwùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò níbí ni."

Ẹnu ọjà la ti wá bá Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó há ẹyẹ mọ́ abíyá. Ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ ni ẹyẹ já sí láàárọ̀. Màmá rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ta ni kò sì mọ̀ pé adìẹ tó bá ní àmì lẹ́sẹ̀, ó lẹ́ni tó ni ín? Ló bá ń gbé e kiri ojúlé dé ojúlé.

Dókítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, èmi ni mo ni ín."

"Ìwọ? Níbo ló ti ń bọ̀?"

"Ilẹ̀ òyìnbó, mà."

"Ọma mi, ẹyẹ rẹ lọ sílẹ̀ òyìnbó, ìwọ jókòó sí Àkúrẹ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí!

"Tó bá jẹ́ tìrẹ, pè é. Ohun ọ̀sìn mọ ohùn ẹni tó ni ín."

Èrò ti pé jọ. Màmá gbé ẹyẹ sílẹ̀. Dókítà kúnlẹ̀ sínú eruku tòun ti táì lọ́rùn.

"Kúrúkúrúkúrú! Kúrúkúrúkúrú!"

Ẹyẹ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó kọjá lára ẹ̀, ó forí lé ìdí igbá Sherifat ẹlẹ́ja tútù.

"Yéè! Ẹyẹ mi dé o!" ni Sherifat ké. "Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń wá a!"

"Irọ́ ńlá!" Dókítà ki ọwọ́ bọ igbá, ó fa ẹja kan yọ, ó nà án sókè.

Fìrììì! Ẹyẹ bà lé orí pípá Dókítà. Ó gbé ẹja mì, káló! Ó tún ń fi ẹnu kan orí náà: kó! kó! kó!

Dókítà ò jẹ́ mira, kí ẹyẹ má baà fò lọ.

"Tèmídayọ̀! Ẹja! Ó ń bínú!"

Mo fún un ní ẹja. Káló! Kó! kó! kó!

"Òmíràn! Tètè!"

Màmá wò wọ́n títí, ó mirí.

"A ti ṣì í. Ẹyẹ ló ni ọkùnrin yìí."

Ó bá kúnlẹ̀ fún ẹyẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tètè máa mú dókítà yín lọ sí Àkúrẹ́ kílẹ̀ tó ṣú."