Òfin Mẹ́fà Tí Olúdó Ṣe Lórí Fàájì

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Àpáta, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀kùn bí ẹni pé ẹ kò sí nílé, ẹ gbọ́ o! Kì í ṣe owó orí. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀nà títún ṣe. Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Agogo dún lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ pé kì í ṣe owó orí, wọ́n jáde. Kò pẹ́ tí Ìkóríta Onírin fi kún. Òjéwùmí akéde gun orí òkúta tí bàbá rẹ̀ ti dúró lé ké ìkéde rí, ó sì fa ìwé Olúdó, ọba ìlú náà, yọ nínú àpò dàńṣíkí rẹ̀.

Ní ìlú náà, akéde kì í ka ìwé ọba nílé. Ìkóríta àkọ́kọ́, lójú gbogbo ènìyàn, ni ó ti ń já òǹtẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé akéde ti bu iyọ̀ sí i. Ohun tí akéde bá kà, òfin ni. Ohun tí kò bá kà, bébà lásán ni, wọn a fi wé ẹ̀pà. Òjéwùmí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì fo ọ̀rọ̀ kan rí. Ó ti ké orúkọ olè, ó ti ké orúkọ àwọn ìbátan rẹ̀ tó jẹ̀bi ẹjọ́ ilẹ̀. Nígbà tí Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ni ó ké e ní ìkóríta méje. Ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

Ó já òǹtẹ̀.

"Olúdó kí yín. Olúdó ní òun ti wò yín títí, ojú ń ro òun. Ìjọba fún yín ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin, láti ọ̀la Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Olúdó mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ìdajì yín fẹ́ gbé àdá lọ sóko. Ìdajì yín fẹ́ yá owó lọ wo òkun. Olúdó ní ó tó! Olúdó ní ó tó gẹ́ẹ́! Ìsinmi tí a fi roko, ìyà ni. Ìsinmi tí a fi wọ gbèsè, ìyà méjì ni. Nítorí náà, láti ọ̀la lọ, fàájì ti di dandan ní Ìdó-Àpáta!

"Òfin kìíní! Gbogbo agboolé gbọ́dọ̀ jáde, tọmọdé tàgbà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rìn. Ẹ kò gbọdọ̀ kọjá odò Ẹ̀ṣọ́rọ́. Oúnjẹ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò bá lè gbé, ẹ fi sílé. Ẹ̀pà sísè, a gbà á. Àgbàdo sísun, a gbà á. Gààrí àti omi tútù, a gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹni tí a bá ká ìkòkò ìrẹsì ńlá mọ́ lọ́wọ́, ìnáwó ni ó ń ṣe, kì í ṣe fàájì. Ìjìyà rẹ̀ rèé! A ó tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ igi ọdán iwájú ààfin, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun. A ó máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí ó bá bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun lọ ṣiṣẹ́, a ó fi ọjọ́ kan kún un!"

"Ẹ bá mi kọ orúkọ tèmi sílẹ̀," ni Sàká télọ̀ wí láti ẹ̀yìn. "Mo ti ń se ìrẹsì lọ́wọ́."

Òjéwùmí kò wò ó. Akéde kì í dá ènìyàn lóhùn láti orí òkúta.

"Òfin kejì! Gbogbo àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ní ohun ìgbafẹ́ kan. Ohun ìgbafẹ́ ni ohun tí ènìyàn ń ṣe tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé, tí inú rẹ̀ sì ń dùn. Kí oníkálukú wá fi tirẹ̀ hàn láàfin. Àwọn tí Olúdó ti pè wá bi léèrè ṣáájú, èsì wọn rèé. Sàká télọ̀ ní aṣọ rírán ni ìgbafẹ́ òun. A kọ̀ ọ́! Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Olúdó sì rán an létí pé ṣòkòtò òun ti ọdún tó kọjá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ràbí ológì ní òun fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kan òun. A gbà á! Ṣùgbọ́n kó máa jókòó ṣe é, kó má baà já bọ́ lójú fèrèsé bíi ti ọjọ́sí. Bàbá Adélù ní orun ni òun ń sùn. A gbà á! A ó máa yọjú wò ó, bóyá tọkàntọkàn ni ó ń sùn ún."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ràbí sọ agbada ògì kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún Kábíyèsí pé mo já bọ́?"

"Ẹni tí ẹ ń yọ́ tẹ́tí sí lọ́jọ́ náà ni, ìyá," ni Sàká wí.

"Ìwọ lọ rán ṣòkòtò ọba."

"Òfin kẹta! Ẹran ọ̀sìn náà ní ìsinmi! Ewúrẹ́, àgùntàn, adìẹ, ẹ kó wọn lọ gba atẹ́gùn. Ewúrẹ́ tí kò bá fẹ́ lọ, ẹ pàrọwà fún un. Ẹ má fà á. Ènìyàn nìkan ni a ń fi ipá mú ṣe fàájì. Adìẹ tó ń sàba, a yọ̀ǹda rẹ̀. Àkùkọ kò ní àwíjàre kankan! Ẹni tó bá ti ewúrẹ́ mọ́lé lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ewúrẹ́ náà yóò pààrọ̀ ibùsùn títí di ọjọ́ Ajé.

"Òfin kẹrin! Ó kan àpáta."

Níbẹ̀ ni Òjéwùmí ti gbójú sókè. Láti orí òkúta tó dúró lé, ó ń rí àpáta náà lẹ́yìn àwọn òrùlé, bí ó ti rí i lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ tí kò gùn ún.

"Ẹni tó bá dé orí àpáta kò gbọdọ̀ sọ ohun mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ òṣèlú. Kò gbọdọ̀ sọ ibi tó ń dùn ún lára. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan, yóò sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, yóò sì tún gun àpáta. Ẹni tó bá sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó kúkú máa gbé ìsàlẹ̀! Gbogbo ẹni tó bá dókè gbọ́dọ̀ wo ìlú títí yóò fi rí òrùlé ilé rẹ̀. Yóò sì wí sókè pé, 'Ó ṣì wà níbẹ̀.'

"Òfin karùn-ún! Ẹni tó bá ń dá gbé, agboolé tó múlé tì í ni yóò yá a lọ ṣe fàájì. Wọn kò gbọdọ̀ rán an níṣẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ fi í ṣọ́ ẹrù. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò dá a padà sílé rẹ̀ ní pípé, bí wọ́n ti gbà á!"

Ó ṣí ojú ewé kejì. Ẹnu rẹ̀ ti là láti ké òfin kẹfà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣáájú ẹnu rẹ̀, ó sì bá orúkọ kan níbẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ni.

Ó fi ìka lé orúkọ náà.

Nígbà ayé Àyọ̀ká, ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè gbogbo, àwọn méjèèjì a ká ẹní, wọn a di ẹ̀pà díẹ̀ sínú bébà, wọn a gun àpáta. Láti òkè ibẹ̀, ènìyàn lè rí títì márosẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, pẹ̀lú àwọn tírélà tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ìkán. Àyọ̀ká ni ó mú tírélà pupa. Òjéwùmí mú funfun. Wọn a máa kà á títí òrùn yóò fi fẹ́ wọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pọ̀ tó ni yóò ru ẹní délé. Eré náà kò ná wọn ní nǹkan kan. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe é, Òjéwùmí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì í pé kí ará ìlú gbọ́ pé akéde wọn ń ka tírélà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn, pupa méje kọjá, funfun mẹ́rin. Òjéwùmí ló kàn. Orúnkún ń dùn ún, Àyọ̀ká sì gba ẹní lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀ nígbà tó ń bọ̀, Bàbá Ṣọlápé," ni obìnrin náà wí fún ọkọ rẹ̀. "Mi ò ní gbàgbé o."

Kò sí ìgbà tó ń bọ̀. Ẹní náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí Àyọ̀ká fi í tì sí. Òjéwùmí kò fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Lójú rẹ̀, bí òun kò bá tíì gbé e, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù láàárín òun àti ìyàwó òun. Bí òun bá gbé e, ó parí.

"Bàbá Akéde, ṣé ó tán ni?" Ìyá Ràbí ni.

Ó lè ní ó tán. Òfin márùn-ún tó fún ìlú kan. Bí ó bá ká ìwé náà sápò, òfin kẹfà di ìwé ẹ̀pà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ àfi Olúdó, Olúdó kò sì ní í sọ. Agogo wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó wo Sàká, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dójú tì tán. Ó wo Ìyá Ràbí. Kò fo orúkọ ẹnì kankan rí.

Ó lu agogo.

"Òfin kẹfà! Òjéwùmí akéde kò fi ohun ìgbafẹ́ kankan hàn láàfin. Oṣù mẹ́jọ ni kò gun àpáta. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ògiri ni ó ń wò. Olúdó ní òun mọ ohun tí Òjéwùmí àti Àyọ̀ká máa ń ṣe lókè níbẹ̀, nítorí Àyọ̀ká sọ fún olorì, olorì sì sọ fún òun. Ní ọjọ́ Sátidé, kí Òjéwùmí gbé ẹní rẹ̀ gun àpáta. Kó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Kó ka tírélà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó dá agogo padà sáàfin ní ọjọ́ Ajé!"

Àṣà ni pé òfin tó bá dárúkọ ènìyàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń ké e. Ó ké e lẹ́ẹ̀kejì. Ó ké e lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tó kan orúkọ Àyọ̀ká, ó lu agogo níbi tí a kì í ti í lù ú, ó sì dúró títí agogo náà fi dákẹ́ kó tó máa bá a lọ.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ràbí wo ìwé ọwọ́ Òjéwùmí, ó wo àpáta, ó sì wo àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́rin tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onírin.

"Ṣé nítorí tiyín ni wọ́n ṣe ní kí n pàrọwà fún ewúrẹ́, Bàbá Akéde?"

Ẹ̀rín bú jáde. Òjéwùmí fi ìwé bo ẹnu.

"Àwa la múlé tì wọ́n," ni Sàká wí. "Àwa la máa yá wọn."

"Múlé tì wọ́n ibo?" ni Ìyá Ràbí wí. " Ògiri tèmi ló kan tiwọn. Ta ló fẹ́ kí télọ̀ máa wọn ìbàdí òun lórí àpáta? Bàbá, àárọ̀ Sátidé ni mò ń bọ̀ wá mú yín. Màá sun àgbàdo dání."

"Ó dáa, kí n bá wọn gbé ẹní," ni Sàká wí.

"Rárá," ni Òjéwùmí wí láti orí òkúta. "Èmi ni mo máa gbé e."

Gbogbo ìkóríta yíjú sí i. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó dá ènìyàn lóhùn láti orí òkúta.

"Tírélà wo lẹ ń mú?" ni Ìyá Ràbí bi í.

"Funfun."

"Èmi á mú pupa nígbà náà."

"Pupa ní ẹni tó ni ín," ni Òjéwùmí wí. "Ẹ mú aláwọ̀ ewé."

Ìyá Ràbí mi orí. Ó ní aláwọ̀ ewé dára.

Òjéwùmí ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sápò. Ìkóríta mẹ́fà ṣì kù níwájú rẹ̀, yóò sì ké orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó nà ró, ó gbé agogo sókè.

"Ọ̀rọ̀ Olúdó rèé o! Akéde kò fi kún un, akéde kò yọ kúrò. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó wà lóko. Ẹni tó wà lóko, kó sọ àdá kalẹ̀, kó wálé wá ṣe fàájì, igi ọdán ń retí rẹ̀! Etí tó bá ní òun kò gbọ́, akéde mọ ilé rẹ̀. Akéde náà ní etí. Ó ti gbọ́."