Apá Kẹ̀kẹ́ Tó Kọlà

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí wọ́n máa pa á lówe pé, "Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ṣe kì í tú ti àna rẹ̀"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, ẹ ń mi orí bí ẹni tó gbọ́n. Àgbà kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ìṣojú èmi Jímọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló sì ṣe. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà níbẹ̀ yẹn, kó rọra jẹ ẹ́, mi ò fẹ́ ariwo.

Ní Òkè-Ìrókò tiwa, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere ṣì níyì, ẹni tó bá ra tuntun a kọ́kọ́ tì í lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kó lè bá a kọlà. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ilà ojú ilé yín gan-an ni alágbẹ̀dẹ máa gbẹ́ sára apá kẹ̀kẹ́ náà. Apá kẹ̀kẹ́ ni irin gígùn tí pẹ́dà so mọ́, tí ẹsẹ̀ máa ń yí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń gbẹ́ ẹ sí, níbi tí gírísì máa ń bò. Olè lè kun kẹ̀kẹ́ lọ́dà títí, kò ní rántí ibẹ̀.

Ó wá ṣe, Lájídé ní òun fẹ́ fẹ́ Ìbídùn, ọmọ Bàbá Ọláníyọnu. Bàbá Ọláníyọnu yìí àti bàbá Lájídé tó ti dolóògbé, kòríkòsùn ni wọ́n. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra kẹ̀kẹ́, ìyàtọ̀ kankan ò sì sí láàárín kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ti Bàbá Ọláníyọnu wà nínú yàrá lábẹ́ aṣọ, ó ń dán. Ti bàbá Lájídé wà lẹ́yìnkùlé, adìẹ ló ń sùn lórí rẹ̀.

"Lájídé," ni Bàbá Ọláníyọnu wí, "mi ò bèèrè ohun ńlá. Lóṣù tó ń bọ̀, gun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ wọ àgbàlá mi lọ́jọ́ ìdána. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ fún adìẹ, ta ni yóò fi ọmọ mi fún? Bí o bá fẹsẹ̀ rìn wá, fẹsẹ̀ rìn padà."

Bí Lájídé ṣe gbé òkú kẹ̀kẹ́ wá bá mi nìyẹn. Ìṣó irin kékeré kan ló máa ń di apá kẹ̀kẹ́ mú. Bí ìṣó yẹn bá ti dípẹtà, sùúrù ni oògùn rẹ̀. Mo bu kẹrosíìnì sí i. Mo ní, "Ọjọ́ mẹ́ta, Lájídé. Má fọwọ́ kàn án."

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Ọ̀gá Jímọ̀."

Gbọ́ kí ni? Mo ní kí n lọ jẹun ọ̀sán, ọmọkùnrin yìí gbé òòlù mi. Gbàù! Gbàù! Mo sáré dé.

"Ọ̀gá, ìṣó yẹn ti jáde o!"

"Ó ti jáde, àbí o ti pa kẹ̀kẹ́?" Apá òsì ti ya lójú ihò. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi òòlù yẹn wá ìṣó lórí òun náà. Wọn ò ṣe irú apá yẹn mọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé.

Lájídé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá apá kiri. Ó dé Ìsẹ́yìn, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tó rí ní Ìsẹ́yìn gùn jù, pẹ́dà rẹ̀ ń ha ilẹ̀. Òmíràn kúrú, ó ń gùn ún bí ẹni tó ń tiro. Ó rí ọ̀kan tó bá a mu rẹ́gí ní ilé ìwé kan, agogo ni wọ́n fi ń lù. Ọ̀gá ilé ìwé ní tóun bá fún un, kí ni yóò máa lé àwọn ọmọ lọ sílé? Ó tún rí òmíràn lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tó ń fi gún ata. Lájídé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ní, "Dìde, ọmọ mi. Ṣé ìkúùkù ni kí n wá máa fi gún ata?"

Oṣù ti ń parí lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, Lájídé kò lè jẹun mọ́. Ó lọ bá Ìbídùn.

"Ìbídùn, ọjọ́ kan péré ni. Kí n tú apá òsì lára kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ. Lọ́jọ́ kejì ìdána, màá dá a padà."

Ìbídùn ronú. "Wọn ò gùn ún mọ́ láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn wọ́n. Nínù ni wọ́n kàn ń nù ún." Ó tún ronú. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ká ọ mọ́ ibẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́ rí o."

Nígbà tí baba lọ sóko, Lájídé tú apá rere. Ó wá gbé èyí tó ya síbẹ̀, ó fi wáyà dè é, ó fi ìda dí ojú ibi tó ya, ó fi dúdú ìdí ìkòkò pa á lára. Ó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá fi hàn mí. Mo ní, "Níbo lo ti rí apá yìí?" Ó ní Ọlọ́run ló ṣe é. Mo ṣe àmín. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ọjọ́ ìdána pé. Lájídé gun kẹ̀kẹ́ wọlé, agogo kẹ̀kẹ́ ń dún kiriri, àwọn obìnrin pariwo ayọ̀. Bàbá Ọláníyọnu wo kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Gbogbo wa ni àánú ṣe. Àfi bí baba ṣe fò dìde.

"Ẹ gbé tèmi jáde! Èmi àti ọmọ ọ̀rẹ́ mi á jọ gùn ún!"

Lájídé ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúnkún yín!"

"Orúnkún mi ti san!"

Ìbídùn ní inú ń run òun, ó wọlé lọ. Wọ́n di kẹ̀kẹ́ mú fún baba, ó gùn ún. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ lọ. Ó fi tòsì tẹ̀ ẹ́, wáyà já, ìda fọ́, apá bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àgbàlá náà da gẹ̀rẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn ẹbí Lájídé ti ń sọ ẹrù ìdána kalẹ̀. Baba fa búréèkì, búréèkì ti gan láti ọdún mẹ́wàá.

"Ẹ yà o! Ẹsẹ̀ mi kan ò sí ńbẹ̀ mọ́!"

Ni àwọn obìnrin bá figbe ta: "Yéè! Ẹsẹ̀ baba ti gé!" Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹsẹ̀ nílẹ̀. Lájídé fò sórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó gbá tẹ̀lé àna rẹ̀. Òkúta ló fi gbá ìṣó tirẹ̀ wọlé, kò dúró gba sípánà mi. Bó ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́, ìṣó fò, apá tẹ̀lé ìṣó, Lájídé tẹ̀lé apá. Àárín òkìtì iṣu ló bọ́ sí. Baba ti jókòó sínú abọ́ oyin ní tirẹ̀. Ewúrẹ́ ìdána já okùn, ọjọ́ kejì la tó rí i.

Apá tó fò lára kẹ̀kẹ́ Lájídé yí gbirigbiri, ó dúró síwájú baba. Baba gbé e, ó fi etí agbádá nù ún. Ilà pélé mẹ́ta ló yọ. Baba fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tún wo apá náà.

"Jímọ̀, wá wò ó. Ilà ilé ta nìyí?"

Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Ilé tiyín ni, bàbá."

"Kí ni ọmọ ilé wa ń wá lára kẹ̀kẹ́ ilé Lájídé?"

Lájídé dọ̀bálẹ̀ sínú oyin. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ẹ foríjì mí, sà. Mo fẹ́ràn Ìbídùn débi pé ojú mi fọ́. Mo wá apá títí. Mo bẹ ìyá tó ń fi gún ata, ó ní ṣé kí òun máa fi ìkúùkù gún un ni."

Baba ní, "Ìkúùkù kẹ̀?" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ látinú ikùn rẹ̀, ó gun òkè, baba rín títí oyin fi ń ta sí wa lára. "A ò tíì gba ìdána, o ti gbé ọmọ ilé wa lọ! Ó dáa. Mú Ìbídùn náà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wàá tú apá yìí, wàá wá dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ mi kí n fi yí ìlú po. Bí mo bá dé, kí o máa gbé e lọ. Títí o ó fi rí òmíràn."

Ogún ọdún rèé. Ìbídùn ti bí ọmọ mẹ́ta, Lájídé ti hewú, kò tíì rí apá. Orúnkún baba wá san pátápátá. Tẹ́lẹ̀, ìlú nìkan ló ń yí po. Lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìsẹ́yìn, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ lọ́jọ́ Àìkú, kò dé bọ̀rọ̀. Mo ń kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí Lájídé tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àna rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú, ó ń bá ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣa èèpo ẹ̀wà.

"Ọ̀gá Jímọ̀, ẹ ò tíì rí apá òsì kankan?"

"Mi ò rí i, Lájídé."

Ó mí kanlẹ̀, ó ju èèpo ẹ̀wà nù. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀dọ́: ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ṣe kì í tú ti àna rẹ̀."