Bí Akínkúnmi Ṣe Ń Fi Ìdọ̀bálẹ̀ Gba Bọ́ọ̀lù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀ ni. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún mi pé òwe yìí ti wà kí wọ́n tó máa gbá básíkẹ́tì nílẹ̀ yìí, kó sọ ọjọ́ tí wọ́n bí òwe náà, kó sì mú ẹlẹ́rìí wá.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bánkọ́lé Ògúnṣínà, ọmọ Ìtókò l'Abẹ́òkúta. Básíkẹ́tì ni iṣẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń jù sínú àwọ̀n tó wà lókè. Ó ga débi pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ yàrá ara rẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ yìí jẹun dé ilẹ̀ Tọ́kì, ó fi kọ́lé, ó fi fẹ́yàwó. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjìdínlógún tó fi ń gbá a, kò gba ife rí, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì, tí orúnkún rẹ̀ ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó padà wálé, ó wọ ẹgbẹ́ Ọ̀pẹ ti Abẹ́òkúta. Ó ní ọdún yìí lòun máa fi ṣe ìkẹyìn. Tí ife bá tún bọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó bọ́ nìyẹn.

Àléébù kan ni Bánkọ́lé ní: wọ́n tọ́ ọ dáadáa jù. Bí ọmọdé bá kí i, ohun yòówù kó máa ṣe, á dúró, á fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, á béèrè bàbá, á béèrè ìyá. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Akínkúnmi náà sì mọ̀.

Akínkúnmi yìí jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, ẹgbẹ́ Ìrókò ti Òǹdó ló ń gbá fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ra fún irú wọn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé, Bánkọ́lé gba bọ́ọ̀lù, ó ń bọ̀ kíkankíkan. Akínkúnmi tó yẹ kó dí i lọ́nà kàn nà gbalaja síwájú rẹ̀ ni.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ gbọ́, ta ló máa fo ọmọ ọlọ́mọ tó dọ̀bálẹ̀ kọjá? Bánkọ́lé gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà," ni Akínkúnmi wí. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti gbé bọ́ọ̀lù, ó sáré lọ, ó jù ú sínú àwọ̀n. Bánkọ́lé ṣì ń béèrè ìyá.

Kóòṣì bínú, Bánkọ́lé náà búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìgbà kejì dé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, bímọ. Akínkúnmi tún nà gbalaja, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á dá a sí." Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, bí wọ́n bá kí yín kú ewu ọmọ, ṣé ẹ máa dákẹ́ ni? Bánkọ́lé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "A dúpẹ́ o. Tìẹ náà á dé." Ọwọ́ méjèèjì ni mo wí o. Bọ́ọ̀lù ti lọ.

Ó wá ku àṣekágbà, Ọ̀pẹ àti Ìrókò náà ló sì tún máa pàdé. Bánkọ́lé kó àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún òun láti àárọ̀ dalẹ́, òun á di bọ́ọ̀lù mú, òun ò ní fọhùn. Ó làágùn, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn ládùúgbò mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gun ọ̀kadà wá láti Ìtókò.

"Wọ́n ní o ò jẹ́ kíkí mọ́. Ṣé torí pé o dé Tọ́kì ni?"

Bánkọ́lé ṣàlàyé títí, bàbá ò gbà. "Ife tí o ń wí yìí, ṣé inú rẹ̀ la máa sin ọ́ sí ni? Ṣèlérí fún mi níbí pé ẹni tó bá kí ọ, wàá dá a lóhùn."

Bánkọ́lé ṣèlérí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, torí ó mọ̀ pé ife lòun fi sílẹ̀ yẹn.

Ìbàdàn ni wọ́n ti gbá àṣekágbà. Ìyá Akínkúnmi wá láti Òǹdó, ó jókòó níwájú pátápátá, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé ọmọ òun kì í rí àgbà kó má dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú àáyá, Ìrókò fi àmì kan ṣíwájú, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Bánkọ́lé. Akínkúnmi nà gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ pé òní lẹ máa fẹ̀yìn tì."

Bánkọ́lé wò ó. Ó ti ṣèlérí pé òun á dá a lóhùn, ó sì dá a lóhùn. Ó ń fi ọwọ́ òsì gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sórí ọmọ náà, torí ọwọ́ ọ̀tún la fi ń súre fún ọmọ.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀mí rẹ á gùn."

"Àmín, sà." Akínkúnmi fẹ́ dìde.

"Mi ò tíì ṣe tán. Wàá fẹ́yàwó rere."

"Akínkúnmi," ìyá rẹ̀ pè é láti ibi tó jókòó, "forí balẹ̀. Àgbà ń súre fún ọ, o ń gbérí."

Ó forí balẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ Ìrókò náà dúró, wọ́n tẹrí ba, nítorí ta ló máa jẹ́ kí àdúrà kọjá lórí òun láìṣe àmín? Bánkọ́lé ní wàá kọ́lé, wọ́n ní àmín. Ó ní wàá sin ìyá rẹ, ìyá náà ní àmín ju gbogbo wọn lọ. Ó wá ku ìṣẹ́jú àáyá kan.

"Ọlọ́run á gbé ọ ga," ni Bánkọ́lé wí, ó ju bọ́ọ̀lù náà sókè. Gbogbo ènìyàn ń ṣe àmín lọ́wọ́ nígbà tó wọ inú àwọ̀n.

"Ó yá, dìde."

Bánkọ́lé gba ife, ó sunkún bí ọmọ tuntun ilé rẹ̀. Ìyá Akínkúnmi lọ dúpẹ́ àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ti ń fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣe láti ọjọ́ yìí. Ó pe ọmọ náà jáde. Nígbà tí Akínkúnmi rí ojú ìyá rẹ̀, ó nà gbalaja, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí."

Ìyá rẹ̀ yára fi báàgì rẹ̀ há abíyá. Bánkọ́lé gbé ife sẹ́yìn. Ìyá náà wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà.