Ọjọ́ tí Moróunmúbọ̀ Lọ Gbọ́ Agídìgbo

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni pé ìbànújẹ́ kò gbọdọ̀ fọ́ ènìyàn lójú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún èmi náà, kí n tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moróunmúbọ̀ ará Ìdóòfin. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó tètè wú u, nítorí ìtàn yìí kò fẹ́ ariwo.

Onídìrí ni Moróunmúbọ̀, kò sì sí olórin tó fẹ́ràn láyé tó Baba Ọ̀jẹ̀wùmí alágídìgbo. Bí ó bá ń dirun fún ènìyàn, orin Baba ni yóò máa kùn sí onítọ̀hún lórí títí irun yóò fi parí. Ìyá rẹ̀ ló kó o ràn án. Nígbà tí ìyá náà wà ní ọmọge, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí agídìgbo Baba bí Baba ṣe ń lù ú lọ́wọ́. Títí ó fi kú ló ń sọ pé ohùn náà gba ọwọ́ òun wọlé, ó wọ eegun, kò sì jáde mọ́.

Bí Baba ti ń ṣeré nìyẹn. Kì í ṣe é ní ìta gbangba, kò ní elégbè, kò sì sí ẹni tó ń lu agogo tẹ̀ lé e. Àgbàlá kan ni yóò jókòó sí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn tó lè gba orí ẹní. Nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, yóò fi àgbọ̀n pe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà yóò wá kúnlẹ̀, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí, Baba yóò sì máa kì í. Bó bá ń ki ènìyàn, ilẹ̀ ló ń wò. Ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ̀rọ̀ nígbà tí agídìgbo bá ń dún, nítorí èèwọ̀ Baba ni.

Lẹ́yìn tí ìyá Moróunmúbọ̀ ti kú ni wọ́n ní Baba ń bọ̀ wá ṣeré ní àgbàlá Ìyá Ọlátóún. Baba ti darúgbó, kò dájú pé yóò tún rìn dé Ìdóòfin mọ́. Moróunmúbọ̀ lọ bá a láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀, ó sì ka oríkì ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, fún un. Kò fẹ́ ohun mìíràn ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu Baba, kó sì fọwọ́ kan àpótí yẹn bí ìyá rẹ̀ ti ṣe.

Baba ní, "Ọmọ mi, jókòó síbi tí mo ti lè rí ọ. Bí mo bá fàgbọ̀n pè ọ́, dìde. N kì í pè lẹ́ẹ̀mejì."

Ìrọ̀lẹ́ náà rọ̀. Oòrùn ti rẹlẹ̀, ó pọ́n sára ògiri bí epo, èéfín sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí òrùlé. Baba gbé àpótí lé itan, ó fi àtàǹpàkò tẹ irin àkọ́kọ́. Háà, ẹ̀yin ènìyàn mi, àfi bí ẹni pé àgbàlá náà kúrò nílẹ̀. Moróunmúbọ̀ kò mọ̀ mọ́ pé orí ẹní lòun wà. Ó rí ara rẹ̀ ní kékeré, lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, tó ń gbọ́ orin yẹn bó ṣe ń kùn láti inú ara ìyá wá. Omijé dé. Ojú tì í, ó fa ìborùn bo orí, ó ní òun kàn fẹ́ nu ojú ni. Ṣùgbọ́n ìborùn ìyá rẹ̀ ni, òórùn ọṣẹ rẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Inú ibẹ̀ tutù, ó sì ṣókùnkùn, ó bá kúkú dúró síbẹ̀.

Ìgbà náà gan-an ni Baba gbójú sókè, ó fàgbọ̀n pè é, ó sì tún wolẹ̀.

Bámgbàlà tó ń fi agbọ̀n híhun ṣe iṣẹ́ ló jókòó tì í. Apárí ni, irùngbọ̀n rẹ̀ sì kún dé àyà. Ó wo òsì, ó rí obìnrin tó ti wọnú aṣọ lọ. Ó wo ọ̀tún, ògiri ló rí. Ó ní àṣé òun ni Baba ń pè. Inú rẹ̀ dùn, ó dìde kíákíá. Ó lọ kúnlẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé àpótí.

Baba bẹ̀rẹ̀: "Àwẹ̀ró, arẹwà obìnrin. Àwẹ̀ró a-dirun-ṣùkú-wọjà, irun dúdú tó kún orí bámúbámú. Abiyamọ tó pọn ìbejì, tí ọ̀já kò tú."

Gbogbo ojú lọ sí orí Bámgbàlà tó ń dán. Ó kọ́kọ́ rò pé Baba ń fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ orin ni. Nígbà tó dórí ìbejì, ó yé e. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yọwọ́ lórí àpótí nígbà tí oríkì ń lọ? Ó kàn tẹ orí ba, ó fi iwájú orí lé àpótí, kí àwọn ènìyàn má baà rí ojú òun. Orí rẹ̀ wá ń gbọ̀n pẹ̀lú ohùn agídìgbo. Àwọn tó kù ki aṣọ bọ ẹnu, èjìká wọn ń mì. Nínú ìborùn, Moróunmúbọ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí hẹ́ẹ̀hẹ́ẹ̀, ó rò pé gbogbo wọn ló ń bá òun sunkún. Ó dùn mọ́ ọn.

Nígbà tí Baba tún pe "Àwẹ̀ró", orúkọ ìyá rẹ̀ ta á jí. Ó ní Baba ti pe òun. Ó dìde, ṣùgbọ́n kò ṣí ojú, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá ṣí i, ìyá òun yóò lọ. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń tẹ̀ lé ohùn. Ó ti ẹsẹ̀ bọ igbá omi. Ó tẹ Ìyá Ọlátóún ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìyá náà gbé ìrora mì. Ọwọ́ rẹ̀ wá bà lé nǹkan.

Ó jọ̀lọ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń gbọ̀n. Ohùn náà wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gun ìgbọ̀nwọ́, ó dé eegun, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti wí. Ẹ ó ní ṣé onídìrí kò mọ orí ni? Ẹ sọ fún mi, apárí wo ló wá dirun rí?

Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ìyá mi, òótọ́ lẹ sọ." Ó fọwọ́ pa á, ó tẹ̀ba, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Bámgbàlà kò mira. Ènìyàn dáadáa ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Moróunmúbọ̀ wá ní kí òun fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún kan etí, ọwọ́ òsì kan etí. Ó dúró. Ó tún fọwọ́ wo ìkíní, ó tún fọwọ́ wo ìkejì.

Àpótí ti wúwo jù lórí itan Baba, Baba gbójú sókè nígbẹ̀yìn, ó sì dáwọ́ lílù dúró. Ohùn Moróunmúbọ̀ jáde jẹ́ẹ́jẹ́ láti inú ìborùn:

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni àpótí yín yọ etí?"

Bámgbàlà dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀, "Ó ti pẹ́, arábìnrin. Wọ́n bí i mọ́ mi ni."

Ẹ̀rín tó bú nínú àgbàlá náà tú ewúrẹ́ ká. Moróunmúbọ̀ ṣí ojú, ó rí ohun tó dì mú. Ó wo Baba, ó wo àpótí, ó sì na ọwọ́ sí i. Baba ti ń wé e sínú aṣọ. Ó dun Baba náà, ṣùgbọ́n kì í pè lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹkún míràn ni Moróunmúbọ̀ fẹ́ bú sí, ó tún ń fa ìborùn bọ̀ wá síwájú. Ìyá Ọlátóún, tó di ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, tètè gbá aṣọ náà mú.

"Ọmọ mi," ó ní, "a ò ní kí o má sunkún ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."