Bí Gbádébọ̀ Àkànní Ṣe Ṣẹ́gun Bẹ́ẹ̀dì Kúkúrú ní Kámpù Òkè-Ìsàn

Ẹ yàgò fún Gbádébọ̀ Àkànní, gókípà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Òkè-Ìsàn! Ọmọ Ọ̀ṣúntókun tó ń jókòó sílẹ̀ wo ohun tí aládùúgbò ń sè lẹ́yìn ògiri, ọmọ abiyamọ tó ń ká ọsàn láìgun igi, ìran tí kì í wọlé onílé láì kọ́kọ́ fi iwájú orí kí àtẹ́rígbà. Òkè tí bọ́ọ̀lù ń rí tó ń ṣẹ́rí padà! Ẹ̀yin tí ẹ ń ròyìn akọni tó ṣẹ́gun ìlú, ẹ sinmi díẹ̀ ná. Ẹni tó bá bẹ́ẹ̀dì jagun ni èmi ń sọ.

Ó wà nínú ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá a ṣe pé wọn yóò fún un ní bẹ́ẹ̀dì tó gbà á ní kámpù. Bẹ́ẹ̀dì dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbede méjì ojúgun ló parí sí. Láti ibẹ̀ lọ, inú afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ akọni ń sùn. Bó bá sì ká ẹsẹ̀ kò, orókún á gan. Ẹ kúkú mọ̀ pé gókípà tí orókún rẹ̀ bá gan, ilé rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn mọ́. Bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, àwọn èrò ìwòran sì ti ń pè é ní Ẹnu Ọ̀nà Ọjà. Orúkọ yẹn dùn ún wọra.

Ló bá búra pé òun ò ní tọwọ́ bọ ìwé ọdún tuntun. Olóyè Bámgbélú, alága ẹgbẹ́, ránṣẹ́ pè é wá sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Bàbá Ṣólàjà káfíńtà ló wọ̀n ọ́. Kí wọ́n tó bí ọ ni wọ́n ti ń kan bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ìwọ ló máa wá sọ pé àgbà ò mọ ìwọ̀n?"

Òótọ́ ni pé Bàbá wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Bàbá gbé tépù dé, Gbádébọ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́, rí i pé àgbà ni, ó bẹ̀rẹ̀, kò sì nàró títí Bàbá fi wọ̀n ọ́n tán. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ níwájú alága náà nìyẹn. Alága ò tíì rí gígùn rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gbà á síṣẹ́. Ṣé kó wá nàró ṣánṣán níwájú àgbà, kó ní "ẹ wò mí"? Ìran Ọ̀ṣúntókun kì í ṣe irú ẹ̀.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Akọni dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń fi ìka kan ilẹ̀ ṣe o. Orí wọ abẹ́ tábìlì, ó kan bàtà alága. Ẹsẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó dí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé tó ń gbé tíì bọ̀ fẹsẹ̀ kọ ọ́, tíì dànù. Wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kò ṣeé tì.

"Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà," ni alága wí. "Dìde."

"Ẹ forí jì mí, sà. Ẹ jẹ́ kí Bàbá wá wọ̀n mí báyìí."

Wọ́n pe Bàbá Ṣólàjà. Bàbá ta tépù láti àtàrí dé gìgísẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. "Alága, mi ò ṣìṣe. Ẹ̀kọ́ ilé ọmọ yìí ló gé bẹ́ẹ̀dì kúrú."

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ jókòó, wọ́n jiyàn títí ọ̀fun fi gbẹ, wọ́n wá fẹnu kò pé kí wọ́n gbé àga gbọọrọ inú yàrá ìjẹun, kí wọ́n kàn án mọ́ ìdí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń jẹun lóòró. Akọni tọwọ́ bọ̀wé, ó dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì sì bá a dé orí igi.

Kí ẹni tó wà nílé sọ fún ẹni tó ròde, kí ará oko gbọ́ kó má ṣiyèméjì: Gbádébọ̀ Àkànní ti gba ilẹ̀ baba ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, kò sì sí àgbà kan tó yájú sí!

Lọ́jọ́ kejì ni Màmá aránṣọ dé kámpù pẹ̀lú tépù lọ́rùn, láti wá wọ̀n ọ́n fún aṣọ ẹgbẹ́ tuntun. Akọni wa rí àgbà. Ó bẹ̀rẹ̀.