Ìyá Ìyàwó àti Bíréèkì Tuntun

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹni tí kò sí níbẹ̀ pàdánù. Ìyá ìyàwó ló pe ọkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ti mú ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ọkùnrin náà, ó ní kò ní padà síbẹ̀ àfi tó bá ta ọkọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin yìí, Eré-Burúkú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ̀ eré ìje oníjókòó méjì ló ní, ó sì kúrú débi pé ńṣe lèèyàn ń ká ara wọ inú rẹ̀. Ó ní òun ò ní tà á, ìyàwó òun lòun wá gbà.

Olóyè jókòó, ìgbìmọ̀ yí i ká, méjì nínú wọn ti ń tòògbé. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ni ọkọ ọmọ òun bá ní kí òun bọ́ sọ́kọ̀.

"Ó sáré, ó dúró. Ó tún sáré, ó tún dúró. Gèlè mi ti fò lọ bá gíláàsì iwájú. Mo ní kí ló rí lójú títì, ó ní òun ò rí nǹkan kan."

"Ṣé ẹ wá débẹ̀?" Olóyè bi í.

"A débẹ̀ o, kò dúró. Ó kọjá, ó yí po, ó tún kọjá. Mo rí dókítà lójú fèrèsé, mo ju ọwọ́ sí i, òun náà ju ọwọ́ sí mi."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tòògbé lajú, ó ní, "Màmá, ojú yín ò kúkú burú."

Wọ́n ní kí Eré-Burúkú sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní bíréèkì òun tẹ́lẹ̀ ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ìrọ̀rí. Òun wá yọ rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, òun fi èyí tí wọ́n fi wáyà hun rọ́pò rẹ̀, òun da ọ́ìlì tuntun sí i, òun sì ra páàdì àwọn eléré ìje. Bó ṣe le báyìí, ó dùn ún tẹ̀. Àmọ́ páàdì tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá irin tó ń dì mú mọra: wọ́n á máa sáré, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ kankan kó lè gbóná. Tó bá ti gbóná, wọn ò gbọdọ̀ dúró títí á fi tutù, kí páàdì má bàa lẹ̀ mọ́ irin.

"Ìdí nìyẹn tí o fi gbé Màmá kọjá dókítà," Olóyè ní.

"Bàbá, tí mo bá dúró, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn."

"Ṣé o ò lè dá a ṣe ni?"

Ó wolẹ̀. Ó ní mẹkáníìkì ló ní kí òun gbé ẹrù sí i.

Mẹkáníìkì náà, tó wà láàárín èrò, ní irọ́ ni, òun ní kó dá lọ síbi tí kò séèyàn. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan mìíràn o, òun fúnra rẹ̀ ló tún ní ọkọ̀ náà máa ń jókòó dáadáa lójú títì téèyàn bá gbé nǹkan tó wúwo sí ìjókòó kejì.

"Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Mo sọ ọ́, àmọ́ àpò sìmẹ́ńtì ló wà lọ́kàn mi."

Ìyàwó tí kò tíì sọ̀rọ̀ dìde. "Àpò sìmẹ́ńtì wà nílé wa, Bàbá. Ó ní á dọ̀tí sí àga."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Màmá. Ìyàwó náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní látìgbà tí òun ti kúrò nílé, ẹ̀ẹ̀kan péré lọkọ òun pe òun, àkísà tó fi ń nu ọkọ̀ ló sì ń béèrè. Ó dùn ún gan-an.

Olóyè gba kọ́kọ́rọ́, ó fi lé ìyàwó lọ́wọ́. "Ìwọ, máa wa Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọkọ̀ náà di tiyín títí inú Màmá á fi yọ́. Eré-Burúkú, fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn. Tó o bá bá wọn, ohun tó o bá kọ́kọ́ béèrè ni ìdájọ́. Tó bá jẹ́ ìyàwó, ẹ jọ máa lọ sílé. Tó bá jẹ́ bíréèkì, a ó fún ọ ní àpò sìmẹ́ńtì kan, kẹ́ ẹ jọ máa gbé."

Obìnrin méjèèjì wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu géètì, ó na etí. Ọkọ̀ dé oríta, ó dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, bíréèkì ò pariwo rárá. Inú rẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, ìyàwó mi ti lọ."

"Gbogbo wa la ti rí i tipẹ́," Olóyè dá a lóhùn. "Ìwọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Máa sáré."