Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Àṣìṣe

Ní ọdún 2006, Mùtíàt ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn Albert Market ní Banjul, níbi tó ti ń ṣe ẹ̀dà fídíò ìgbéyàwó sórí díìsì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà: díìsì tí kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ di iṣẹ́ wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ Oumie, ìyàwó tuntun, ń bọ̀ wá gba díìsì mẹ́wàá kí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Barra tó ṣí ní aago márùn-ún. Ni Mùtíàt bá ránṣẹ́ pe Kazeem, atúnkọ̀ǹpútà-ṣe, ní Kanifing.

Kazeem dé, kò jókòó. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó fi eyín di nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́rin mú, ó ki orí bọ abẹ́ tábìlì.

"Okun ni, Àǹtí." Àárín irin ni ohùn rẹ̀ ń gbà jáde, kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀.

Mùtíàt yára ti fèrèsé. "Mo ti sọ fún onílé. Mo ní òkun sún mọ́ wa jù, atẹ́gùn oníyọ̀ yìí á ba nǹkan jẹ́."

"Rárá. Mo ní okun rẹ̀. Okun rẹ̀ ò dáa mọ́."

"Okun rẹ̀ ti tán?" Ó rọra fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lórí. "Ọdún kẹfà rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ṣé ká jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀?"

Kazeem yọ jáde, ó tu nọ́ọ̀tì sí àtẹ́lẹwọ́. "Okùn. Okùn pẹlẹbẹ yìí. Òun ló so ibi tí díìsì ń wọ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ. Eku ti jẹ ẹ́ létí."

"O ò kúkú sọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn."

Ó fi okùn tuntun sí i, ó fa kọ́là ẹ̀wù sókè. "Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó rí eré."

Mùtíàt tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ń wọ́ bí ìgbín. Aago mẹ́ta ti kọjá.

"Kazeem, ṣé eré náà nìyí?"

Kazeem ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó wá mí kanlẹ̀. "Mo ti rí i. PIO ló wà, DMA ló yẹ kó wà."

"Má ka lẹ́tà fún mi. Sọ ọ́ kó yé mi."

"Ẹ wo àwọn aláàárù ọjà. Bí ẹrù bá dé, wọ́n á rù ú tààrà sí sítọ́ọ̀. DMA nìyẹn. PIO ní tirẹ̀, ìyá tó ni ọjà ló ń fi orí ara rẹ̀ ru gbogbo ẹ̀, á sì tún máa dá oníbàárà lóhùn."

"Ta ló wá lé àwọn aláàárù?"

"Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Nígbà tí okùn ń ṣe ségesège, ó ń ka àṣìṣe. Ó pé mẹ́fà, ó já a wálẹ̀ sí PIO."

"A ti pààrọ̀ okùn."

"Kì í gbàgbé."

"Mẹ́fà péré?" Mùtíàt mi orí. "Àṣìṣe Bàbá Àdíjá, ọkọ mi, ti kọjá ẹgbẹ̀ta, mi ò sì tíì já a wálẹ̀ rí."

"Mo máa yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Mùtíàt gbá a lọ́wọ́ mú. "Yọ kí ni? Ìgbéyàwó Oumie wà nínú ẹ̀. Kò sí níbòmíràn."

"Ìgbéyàwó kọ́. Ọ̀nà tí díìsì ń gbà wọlé ni mo fẹ́ yọ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Tí mo bá pa á, tí mo tún tàn án, á gbà á bí àlejò tuntun, á sì pa ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ rẹ́."

"Búra."

"Wàláì."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Mùtíàt di etí tábìlì mú, ó ń bẹ Ọlọ́run kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ padà. Mùtíàt ki díìsì bọ inú rẹ̀, ó gbé tíì àtáyà kaná; kí omi rẹ̀ tó hó, díìsì ti jáde.

Oumie dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì bá ọkọ̀ lọ. Ìkọkànlá, tí Mùtíàt ṣe fún ara rẹ̀, ló fi sí tẹlifíṣọ̀n. Nínú fídíò náà, lémọ́ọ̀mù dìde láti ṣe wáàsí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, àwọn àlejò ló ṣì ń kí.

"Kazeem, ṣé ó dá ọ lójú pé ó ti ń sáré?"

"Àǹtí, ẹ̀rọ ni mo ń tún ṣe. Ẹni tó bá ti gba máíkù, apá mi ò ká a."